Ìyá Arúgbó Etí Odò Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Sọ̀rọ̀

Mi ò mọ ìṣirò. Láti ilé ìwé ni, bí a bá ti kúrò lórí ìròpọ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kó ìwé mi fún ọ̀rẹ́ mi kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Eré tí à ń ṣe ní Sakété lọ́jọọjọ́ Àìkú, lórí tábìlì ni, ẹnu la fi ń ṣe é. Èmi ni mo ń pa ìtàn. Àwọn mẹ́ta yòókù á di èèyàn inú rẹ̀, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ọmọ ayò olójú ogún, tí nọ́ńbà wà lójú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí a bá dà sílẹ̀ ló máa sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Kálukú ní bébà tó kọ agbára èèyàn tirẹ̀ sí. Ọgbọ̀n àmì ni mo ń fún wọn pín bó ṣe wù wọ́n, sórí okun, eré sísá tàbí ọfà títa. Ohun tó máa pàdé wọn lọ́nà wà nínú ìwé mi, kò sì yẹ kí òṣèré kankan rí i.

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló ń rí i. Olùkọ́ ìṣirò ni ní Pobè, alùpùpù ló máa ń gùn wá lẹ́yìn ìsìn. Ó ń bá mi wo àwọn nọ́ńbà, kí ẹranko tí mo dá má baà pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí pé ó mọ àṣírí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí òun máa ṣe àgbẹ̀ kan láti Aguidi, tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò mọ nǹkan kan. Ọdún méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì yòókù, télọ̀ kan àti zẹmijáàn kan tó ń fi alùpùpù kó èrò, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbẹ̀ rẹ̀ ò wúlò tó àpò gàrí. Mo gbẹ́kẹ̀ lé e débi pé ó ń tì mí lójú báyìí.

Àwọn méjì yẹn, kí n má purọ́, ìtàn kọ́ ni wọ́n ń wá kiri, ìjà ni. Bí mo bá ní ilẹ̀kùn kan wà, wọ́n á ti fọ́ ọ kí n tó sọ àwọ̀ rẹ̀. Mo ti gbà fún wọn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́dún tí ìyá mi kú, mo kọ ìtàn kan tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́. Ìyá arúgbó kan jókòó létí odò lẹ́bàá Ita-Djèbou, ó ń yan gàrí, àwọn tó ń kọjá rò pé àǹjọ̀nnú ni. Bí wọ́n bá jókòó tì í, á bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbé e lọ sí ọsibítù ni mo fi sí i lẹ́nu. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó mi. Mo fẹ́ kí ó tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín àwọn èèyàn.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ìyá mi ni. Mo ní kó bá mi wo nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa, kó má baà tètè kú. Ó gba ìwé náà, ó ní, "Má ṣèyọnu. Màá tọ́jú ìyá."

Lọ́jọ́ Àìkú, bébà tuntun ni télọ̀ àti zẹmijáàn mú wá. Zẹmijáàn ti kó gbogbo àmì rẹ̀ sórí eré sísá. Télọ̀ kó tirẹ̀ sórí ọfà oníná, ohun kan ṣoṣo tó lè pa ìyá yẹn nínú ìwé mi. Bíìkì pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé, ìkọ̀wé ọ̀rẹ́ mi sì ni.

Mo ṣì bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìyá kan jókòó létí odò. Zẹmijáàn ní nítorí eré sísá òun, àwọn ló máa kọ́kọ́ ṣe. Télọ̀ ta ọfà. Ọmọ ayò yí, ó dúró, ó ní ó ṣeé ṣe. Ìyá kú kó tó yanu.

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ní wọ́n ti bẹ òun títí pé káwọn náà ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan láìfarapa, pé ṣebí eré ni. Inú bí mi, mo pa ìwé mi dé.

Télọ̀ rí i pé ojú mi ti yí padà. Ó rọra béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìyá yẹn ì bá sọ?"

Ọ̀rẹ́ mi ló dáhùn. Ó da ẹ̀pà sẹ́nu, ó sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún wọn bó ṣe kà á nínú ìwé mi. Ìlà tó kẹ́yìn, ó ti gbàgbé.

Zẹmijáàn ní, "Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Wọ́n sì ní kí n sọ ohun tó wà lódìkejì odò.