Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Àga Ìwàásù

Òórùn tó ń jí wa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nílé wa ní Agbonou kì í ṣe ti oúnjẹ. Òórùn aṣọ funfun tí wọ́n fi omi ẹ̀gẹ́ mú le ni, nígbà tí áyọ́ọ̀nù eléèédú bá ń gbà á kọjá. Iṣẹ́ ìyá mi ni. Yóò tẹ́ aṣọ ìwàásù bàbá mi sórí tábìlì tí a fi ń jẹun, yóò fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu áyọ́ọ̀nù náà kí ẹyin iná lè pọ́n, yóò sì máa lọ̀ ọ́ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ láìkánjú, bí ẹni ń fi òróró pa ọmọ lára. Bí òórùn náà bá ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tọ̀ wá, èmi àti Kọ̀sí àbúrò mi ti mọ̀ pé bàbá wa kì í ṣe tiwa mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú.

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú nìkan. Pásítọ̀ ni bàbá mi. Lọ́jọ́ Ajé, oko ló ń lọ, nítorí iṣu àti àgbàdo tó ń gbìn ló ń bọ́ wa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yóò gun alùpùpù rẹ̀ lọ máa kí àwọn aláìsàn kiri. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ó ti forí lé àwọn abúlé tó wà lọ́nà Glei, níbi tí ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ti ń dúró dè é lábẹ́ igi máńgòrò. Bíbélì tó ń kà, èdè Éwè ni. Lẹ́tà tó ń kọ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, èdè Faransé ni. Ṣùgbọ́n èdè Ifẹ̀ tiwa, èdè tí a bí wa sí, ló fi ń tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú, òun náà ló sì fi ń bá wa wí. Bí a bá jókòó ti iyán, tí a gbọ́ àtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnìkan sọ pé "Àgò o!", ìyá mi á ti máa wá abọ́ tí yóò fi bo oúnjẹ bàbá mi kí bàbá tó dìde rárá.

Ìyá mi a máa sọ pé, "Ẹni tó fẹ́ pásítọ̀ ti fẹ́ gbogbo ìjọ." Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wa máa parí fún ọdún náà, èmi ni wọ́n yàn láti ké ewì lójú gbogbo òbí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ké e fún àwọn adìẹ wa. Bàbá mi ṣèlérí pé òun á wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n wá sọ fún un pé ẹnìkan kú ní Kamina, ó sì lọ sìnkú. Ìgbà tó fi dé, wọ́n ti ń to bẹ́ńṣì jọ. Ẹrẹ̀ pupa wà lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Mo wò ó lójú, mo ní, "Ẹ̀yin kì í ṣe bàbá wa. Bàbá ìjọ ni yín."

Ládùúgbò tiwa, ọmọ kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Mo ti ń retí ìgbátí. Kò gbá mi. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, ó ní, "Ké e fún mi báyìí, Afí." Mo kọ̀. Ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ ni mo jókòó sí délé, n kò sì di ìbàdí rẹ̀ mú bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Alábòójútó ìjọ wa, ọ̀gá bàbá mi, ń bọ̀ láti Lomé wá ya ilé ìjọsìn tuntun sí mímọ́. Ọkùnrin gíga kan ni, kì í rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ìjọ sì ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń bẹ̀rù olùkọ́. Lórí òkè ni ilé ìjọsìn náà wà, ilé tiwa sì wà nísàlẹ̀. Oyún wà nínú ìyá mi nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn agbẹ̀bí ilé ìwòsàn Atakpamé ti sọ pé ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rí i tó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó di etí tábìlì mú, tó di ojú.

Bàbá mi náà rí i. "Ìyá Afí, ṣé kí n dúró?"

"Ẹ máa lọ, ẹ̀yìn lásán ló ń ro mí. Ẹ jẹ́ kí Afí dúró tì mí."

Bàbá mi mú Kọ̀sí dání, ó lọ. Agogo ìjọ ò tíì dákẹ́ nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ sórí ẹní, tó ní kí n lọ pe Ìyá Oníkòkò wá.

Aládùúgbò wa ni Ìyá Oníkòkò. Ìkòkò ló ń mọ, òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ ló sì ń sìn. Ojúbọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, a máa ń rí i láti ibi tí a ti ń sá aṣọ. Kò sí àárọ̀ tí bàbá mi kì í yà kí i kó tó gun alùpùpù. Inú àwọn kan nínú ìjọ ò dùn sí i. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá múlé ti èèyàn ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́.

Ìyá àgbà náà gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ikùn ìyá mi. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ẹsẹ̀ lọmọ yìí fẹ́ fi wáyé," ó ní. "Mo ti gbẹ̀bí títí, ṣùgbọ́n èyí ju ọwọ́ mi lọ. Sáré, lọ pe bàbá rẹ, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Má dúró kí ẹnikẹ́ni lọ́nà."

N kò kí ẹnikẹ́ni. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà òkè náà ń yọ̀ bí ilá. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn, àwọn èèyàn kún inú, wọ́n kún ìta, wọ́n ń gba ojú fèrèsé wòran. Bàbá Kàtékísì, ẹni tó ń ran bàbá mi lọ́wọ́ nínú ìjọ, na ọwọ́ dí mi. "Dúró, ọmọ mi, kí wọ́n parí." Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá.

Àárín méjì ìjọ ni mo dúró sí, ẹrẹ̀ pupa dé orúnkún mi. Bàbá mi wà lókè lórí àga ìwàásù nínú aṣọ funfun yẹn, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tuntun bọ́ sí i léjìká, ohùn rẹ̀ kún gbogbo ilé. N kò tíì rí i kó ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ojú rẹ̀ bọ́ sí mi.

Kò parí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Mo gbọ́ bí omi òjò ṣe ń kán láti ibi páànù.

"Afí, kí ló dé?"

"Màmá ni. Ọmọ ń bọ̀. Ìyá Oníkòkò ní ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi wáyé."

Àwọn obìnrin kérora pọ̀. Bàbá mi pa Bíbélì dé. "Ẹ̀yin ará," ó ní, "ilé mi ń pè mí. Ẹ dárí jì mí." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ dìde, ó ń fi ojú tọ́ka sí Alábòójútó. "Pásítọ̀, ẹ parí rẹ̀ ná. Àwọn obìnrin á lọ bá a."

Bàbá mi ò dúró. "Èmi ni mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Kì í ṣe ìjọ."

Nígbà náà ni Alábòójútó dìde. Mo rò pé yóò bá bàbá mi wí lójú gbogbo ayé ni. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ jáde. "Awakọ̀ mi ti wá oúnjẹ lọ," ó ní. "Èmi fúnra mi ni n ó wà á. Kàtékísì, ẹ dá orin fún wọn."

A fi Kọ̀sí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìjọ, a sì sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé ìyá mi nílé. Alábòójútó ló ń wakọ̀ nínú aṣọ oyè rẹ̀. Lórí àga ẹ̀yìn, orí ìyá mi wà lórí itan Ìyá Oníkòkò, tí ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá mi kúnlẹ̀ sí àlàfo ẹsẹ̀ àga, ó di ọwọ́ ìyá mi mú. Ìyá Oníkòkò ń ké pe àwọn tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bàbá mi ń ké pe Ọlọ́run wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí ẹni tó sọ fún ẹnìkejì pé kó dákẹ́. Iwájú ni mo wà. Kò sí ẹni tó rántí sọ pé kí n bọ́ sílẹ̀.

Ní Atakpamé, wọ́n gbé ìyá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. A jókòó sórí bẹ́ńṣì gígùn kan. Ó pẹ́ gan-an. Lójijì ni Alábòójútó sọ̀rọ̀, ó ń wo ilẹ̀. "Nígbà tí ìyàwó mi ń rọbí àkọ́bí wa, orí àga ìwàásù ni wọ́n ti wá pè mí. Mo parí ìwàásù mi. Ìgbà tí mo délé, wọ́n ti tẹ́ aṣọ bo ọmọ náà."

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé e léjìká. Èmi tí mo ti rò pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í sunkún, mo rí omi tó ń ṣàn gba ojú rẹ̀, kò sì nù ún.

Obìnrin ni ìyá mi bí. Ẹkún rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́, kí nọ́ọ̀sì tó jáde wá sọ pé ìyá náà wà láàyè. Bàbá mi ò hó, kò jó. Ó yíjú sí Ìyá Oníkòkò, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, tòun ti aṣọ pásítọ̀, lójú ọ̀gá rẹ̀ àti lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá. "Ẹ ṣeun, Ìyá," ó ní. "Bí kì í bá ṣe pé ẹ mọ ibi tí agbára yín mọ, ẹ̀pa ì bá má bóró mọ́." Ìyá àgbà náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó dìde, kó má sọ òun di ẹni tí wọ́n ń bọ.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Àwọn kan sọ pé ìwàásù tó já láàárín kò dáa fún ilé ìjọsìn tuntun. Ìdílé méjì kúrò nínú ìjọ. Bàbá mi lọ kí wọn nílé, kò bínú, kò sì tọrọ àforíjì. Ká má purọ́, kò di ẹlòmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ṣì ń pa àtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, iyán rẹ̀ ṣì ń tutù. Ṣùgbọ́n mi ò tún bá a jà lórí rẹ̀ mọ́. Mo ti rí i pé ó mọ ọ̀nà ilé.

Nọ́ọ̀sì ni èmi náà báyìí, ní Glei. Mo bí ọmọ méjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti pè mí láti ilé tí mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n parí ti àwọn aláìsàn tó tò síwájú mi ná. Bí mo bá délé tí àkọ́bí mi ò dá mi lóhùn, mo máa ń mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó jẹ́.

Lọ́dún yìí, mo lọ kí bàbá mi. Ó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ ò sì ríran jìnnà mọ́. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù ò bà á lọ́jọ́ náà, níwájú Alábòójútó àti gbogbo ìjọ.

"Ẹ̀rù?" ó ní. "Ó bà mí débi pé mi ò rí àtẹ̀gùn tí mò ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń wò ọ́ ni kí n má bàa ṣubú."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà náà rí ọkùnrin kan tí kò bẹ̀rù ohunkóhun, ẹnu sì yà á. Èmi tí mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún wá mọ̀ pé ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà ni mo rí, tó ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn, tó ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù.