Omi Tí Màmá Jámánì Kò Mu

N kò ní dárúkọ káńsù tí mo ti ṣiṣẹ́, nítorí àwọn tó bà á jẹ́ ṣì wà láyé, wọ́n sì mọ ilé mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò jìnnà sí Adó, àti pé èmi ni akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì alága fún ọdún gbọọrọ. Alága mẹ́rin ló kọjá níwájú mi. Mẹ́ta nínú wọn, kí Ọlọ́run ṣàánú wọn.

A ní ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan lókè òkun, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn ló kọ́ ilé ìgbẹ̀bí wa. Àwọn ló gbé fìríìjì tó ń lo iná oòrùn síbẹ̀ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn náà ló fún wa ní ọkọ̀ tí ń gbé aboyún lọ sí Adó bí ìrọbí bá le. Ẹni tó so okùn ọ̀rẹ́ náà ni ìyá arúgbó kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Jámánì. Agbẹ̀bí ni. Ó ti bá wa gbé nígbà tó wà lọ́mọge, "ulé" ló ń pe ilé bíi tiwa, bó bá sì dé ọjà Ìgèdè, yóò ná iṣu títí ẹni tó ń tà á yóò fi máa rẹ́rìn-ín.

Alága tó ṣáájú ti ìsinsìnyí ló ba nǹkan jẹ́. Ó gba ọkọ̀ aboyún, ó lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi í polongo ìbò kiri. Àwọn ará Jámánì kọ lẹ́tà, kò fèsì. Wọ́n kọ òmíràn, kò fèsì. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Èyí tún wá ń fi ẹrù náà yangàn lójú ẹni tó ni ín.

Nígbà tó yá, Màmá Jámánì fúnra rẹ̀ wọ bàálù wá. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni àdéhùn. Láti aago mẹ́sàn-án títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi jókòó níwájú tábìlì mi. Alága wà níbi ìkómọ kan ní Ìyìn. Ó ti sọ fún mi lórí fóònù pé òun kò ní wá, kí n ṣáà dá ìyá náà dúró títí yóò fi sú u. Èmi aláìnítìjú, mo ń sọ pé wọ́n ń bọ̀, wọ́n ti wà lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé omi fún un. Kò fẹnu kàn án. Nígbà tó dìde, ó ní ó dàbọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ká ní àlejò lásán ni, ǹ bá ní òùngbẹ kò gbẹ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Màmá mọ àṣà wa: ẹni tí inú ń bí sí wa kì í mu omi wa.

Bó ṣe parí nìyẹn. Fìríìjì bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Àwọn ìyálọ́mọ ń gbé ọmọ jòjòló gun ọ̀kadà lọ gba abẹ́rẹ́ ní Adó. Ọmọ àbúrò mi bímọ sínú takisí lójú ọ̀nà. Ọpẹ́ ni pé tìyá tọmọ yè, ṣùgbọ́n mo mọ ipa tí mo kó nínú rẹ̀, n kò sì rí oorun sùn dáadáa mọ́.

Ìgbà tó yá ni alága tuntun dé. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, obìnrin tí mo fi ọjọ́ orí jù, tó sì fi ọgbọ́n jù mí lọ fíìfíì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló béèrè fáìlì àwọn ará Jámánì. Mo bá a kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta, èyí tí mo fi gbogbo òyìnbó tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ dárà sí. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo la ti sọ pé a jẹ̀bi?"

Mo wá a títí. Kò sí níbẹ̀.

Ó fúnra rẹ̀ kọ òmíràn, ojú ewé kan péré. Ó gba ọkọ̀ aboyún padà, ó tún un ṣe, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi í mọ́ lẹ́tà náà. Màmá fèsì pé òun ń bọ̀ wá kí àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́, pé ilé àlejò ìjọ kan ní Adó lòun yóò dé sí, kí a wá rí òun ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn kánsẹ́lọ̀ fẹ́ ta àtíbàbà, kí wọ́n pe àwọn oníjó. Alága ní ẹni tó ṣẹ̀ kì í ṣe àríyá.

Lọ́jọ́ náà, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni alága kanlẹ̀kùn mi. Mo ní aago mẹ́rin ni wọ́n pè wá. Ó ní òun mọ̀. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí fèrè ọkọ̀, àwa méjì péré. Aago mẹ́sàn-án bá wa lórí bẹ́ǹṣì onígi lójúde ilé àlejò náà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní kí òun pe Màmá, alága ní ó tì o, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ebi ń pa mí, mo ń kùn nínú. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí i tí ẹnì kan ṣí kọ́tìnì díẹ̀, tó sì pa á dé. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìjókòó ọjọ́ yẹn lọ́hùn-ún là ń san padà. Mo dákẹ́ kíkùn. Mo wo obìnrin yìí, mo ní nínú ọkàn mi pé, ìwọ ni ǹ bá ti bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe mi.

Ní aago mẹ́rin, Màmá fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde. Alága kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Mà, a ṣẹ̀ yín. A kò ní àwíjàre kankan."

 Bí Màmá bá kọ̀, ilé ìgbẹ̀bí ti di ilé ewúrẹ́ nìyẹn. N kò mọ ìgbà tí èmi náà kúnlẹ̀.

"Mà, lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé wọn kò bọ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo gbé omi wá, o kò sì wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ẹkún gbọ̀n mí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa. Ó wá ní òùngbẹ ń gbẹ òun, kí n lọ bu omi wá.

Mo sáré wọ kíṣìnnì wọn bí ọmọdé. Nígbà tí mo gbé omi náà fún un, mo wo ojú rẹ̀. Ó mu ún dé ìdajì, ó gbé e fún alága, alága mu, ó gbé ìyókù fún mi. Màmá wá béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ̀bí wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé òun fẹ́ rí fìríìjì náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Alága ṣí ọwọ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti di kọ́kọ́rọ́ náà mú.