Ògiri Tí Káńsù Bá Wa Tún Kùn

Bàbá Ọlọ́dà ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, létí òkun, orí àgbá onírin méjì tó tò lérí ara wọn ló ti já bọ́, búrọ́ọ̀ṣì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Káńsù ti kọ ìwé ìbánikẹ́dùn. Wọ́n pè é ní ọmọ ìlú àtàtà. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bínú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n: kí ni ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ń wá lórí àgbá?

Gbogbo wa la mọ ògiri tó dínà omi. Lọ́dún tí ọkọ̀ apẹja kan dojú dé pẹ̀lú èèyàn mọ́kànlá, tí a ò rí òkú ẹnì kankan, Bàbá Ọlọ́dà, tó ń fi kíkọ àkọlé sára ṣọ́ọ̀bù jẹun, ló ya ojú gbogbo wọn síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ìyá ọ̀kan nínú wọn máa ń wá lọ́sàn-án, á fi etí ìró nu iyọ̀ òkun kúrò lójú ọmọ rẹ̀, á ní, "O ò tún bọ́jú lónìí." Wọn ò ní ibojì mìíràn.

Iyọ̀ ń jẹ ọ̀dà. Nígbà tí àwọn ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, Bàbá wá bá mi. Èmi ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé ládùúgbò, torí mo ka ìwé girama parí. Ó fẹ́ kí káńsù yá òun ní àkàsọ̀ kí òun lè tún iṣẹ́ òun ṣe.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ pé àwòrán o. Má kọ ògiri."

"Bàbá, ṣé ojú ọ̀run ni àwòrán ọ̀hún wà ni? Ṣebí ara ògiri ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kúkú lo kàwé."

Mo kọ ti àkàsọ̀, mo wá fi kún un pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún ògiri náà kùn." Mo tilẹ̀ fàlà sí i nídìí.

Káńsù kì í dáhùn ìwé. A kọ̀wé nípa gọ́tà títí ó fi sú wa. Tiwa yìí, ọ̀sẹ̀ méjì péré! Àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ọ̀dà funfun, wọ́n tún ògiri náà kùn lóòótọ́, láti òkè délẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn mọ́kànlá náà ti rì lẹ́ẹ̀kejì.

A lọ bá ọ̀gá ìmọ́tótó. Ó fa ìwé mi yọ, ó nàka sí ìlà tí mo fà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tẹ́ ẹ bèèrè kọ́ la ṣe?"

Mo gbà, èmi ni mo ṣì í kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ojú èèyàn mọ́kànlá ń wò yín, ẹ sì ń kùn wọ́n lọ?

Bàbá tún bèèrè àkàsọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ní, "Ti ìjọba ni, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá lọ já bọ́ ńkọ́?" Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó!

Báyìí ló ṣe to àgbá, tó ń ya àwọn ojú náà padà bó ṣe rántí wọn. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ó ní, "Bá mi di àgbá mú jàre." Mo dì í mú fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn sú mi ni.

Ẹni kẹrin ló ń yà lọ́wọ́ nígbà tó já bọ́, ọmọ ìyá yẹn gan-an. Ó ti ní imú, ó ti ní ẹnu. Ojú ọ̀hún ò tíì lójú. Ìyá náà bi mí lánàá pé, "Akọ̀wé, ta ló máa la ojú ọmọ mi?"

Mo sì gbọ́ pé káńsù tún fẹ́ fi ọ̀dà funfun bo ògiri náà, kí wọ́n kọ "Ẹ káàbọ̀" síbẹ̀, kí wọ́n ya alága wọn tì í. Alága tí omi òkun ò kan kókósẹ̀ rẹ̀ rí!

Ẹ fún wa lórúkọ ẹni tó fọwọ́ sí ọ̀dà funfun yẹn, àti ti ẹni tó fi àkàsọ̀ pamọ́ fún arúgbó. Ẹ má fọwọ́ kan ògiri. Ọmọbìnrin Bàbá mọ búrọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ gbé àkàsọ̀ fún un.

Mo ti kọ ìwé mìíràn. Àwòrán ni mo kọ síbẹ̀, Bàbá, àwòrán. Mo fọwọ́ ara mi gbé e dé ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ yìí. Kí wọ́n má fi ọ̀sẹ̀ méjì dáhùn o. Ìyá kan ń dúró nídìí ògiri.