Irun Tí Mo Gbé Gun Òkè

Ọ̀nà tó lọ sí abúlé àwọn ará ilé ìyàwó mi kò nira. Láti Adó, ènìyàn á wọ lọ́rì dé Ìyìn. Láti Ìyìn, á fi ẹsẹ̀ rìn gba inú oko kòkó, á kọjá odò kékeré kan tí omi rẹ̀ kì í ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpáta. Àpáta náà kò dúró gangan, ó rọra ń ga ni. Ẹsẹ̀ àwọn tó ti ń gùn ún látayébáyé ti ha ojú ọ̀nà sí i lára, funfun lára dúdú, tí àlejò kò fi lè ṣìnà. Wákàtí kan àbọ̀ tó fún ẹni tí kò yára. Ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, àwọn ọmọ iléèwé a máa gùn ún lọ ṣe Gálílì, wọn á jẹ ìrẹsì wọn lórí rẹ̀, wọn á sì sáré sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ilé mẹ́sàn-án péré ló kù lókè nígbà tí mo mọ ibẹ̀. Àwọn yòókù ti sọ̀kalẹ̀ wá sí ojú títì. Àwọn tó kù ní kò sí ohun tó sọnù lọ́wọ́ àwọn níbẹ̀.

Mo gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ní ọdún kejì tí ìwé ọ̀fẹ́ dé. Ọmọ mi obìnrin, tí òun náà ti di ìyá àgbà báyìí, ti bi mí léèrè títí nípa bí ìyá rẹ̀ ṣe kú, mo sì ti sọ fún un. Èyí tí mo ń kọ yìí ni apá tí n kò sọ.

Ibà ló pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó sì kú láàárọ̀ Ọjọ́rú. Òkè-Ìlá ní Adó la ń gbé nígbà náà, nínú yàrá méjì, mo sì ń kọ́ kíláàsì tí ọmọ kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Èkìtì, n kò ní àgbà kankan nítòsí tí mo lè rán níṣẹ́. Fáda fẹ́ lọ bẹ àwọn ìjọ oko wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì ní padà fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ kí ó gbàdúrà sórí òkú, àfi ká ṣe é kí ó tó lọ. Mo ní ká ṣe é. Nígbà tó fi máa di agogo méjì, a ti sin ín sí ilẹ̀ òkú ìjọ.

Ní ilẹ̀ wọn, bí obìnrin bá kú sílé ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ padà sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ òfin ìlú tí kò rò pé òun yóò gbé. N kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo tilẹ̀ rò pé mo ṣe é dáadáa, nítorí pé Fáda wà níbẹ̀, orin sì dùn.

Lọ́jọ́ kejì mo gun òkè lọ láti sọ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bá. Bàbá ìyàwó mi ti kú tipẹ́, àgbàlagbà yìí sì ni olórí ilé. Ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tó sá sórí àpáta.

“Tíṣà! Ọ̀yọ́! Mo ti ń gbọ́ bàtà rẹ láti ìsàlẹ̀. Ta ní í wọ bàtà gun àpáta bí kì í bá ṣe ọmọ pẹ̀tẹ́lẹ̀?”

Mo dọ̀bálẹ̀.

“Dìde, dìde. Ẹ̀wù funfun yìí á dọ̀tí, ìyàwó rẹ á ní èmi ni mo fà á. Òun alára dà? Ó wà lẹ́yìn? Àbí ọbẹ̀ Adó ti mú un sanra tí kò lè gun òkè bàbá rẹ̀ mọ́?”

N kò dìde. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú kòkó.

“Tíṣà, mo ní kó o dìde.”

“Ẹ jẹ́ kí n wà nílẹ̀, Bàbá.”

Ó jáde kúrò nínú kòkó, ó wá dúró lé mi lórí.

“Ìgbà wo?”

“Àná, Bàbá. Ibà ni.”

“Níbo lẹ gbé e dé? Ìsàlẹ̀? Kí n pe àwọn ọkùnrin kí wọ́n wá gbé e?”

“A ti sin ín, Bàbá. Sí Adó.”

“Ta ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ sin ín?”

“Èmi àti ìjọ.”

“Ìwọ àti ìjọ.” Ó wí i pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. “Ṣé ewúrẹ́ la fà fún ọ ni, Tíṣà? Àbí bí ẹ ti ń ṣe é ní Ọ̀yọ́ nìyẹn?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ó dáa. Ilẹ̀ ti gbé e mì, a kò ní hú u. Irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn náà la ó mú wọ ulé bàbá rẹ̀.”

Bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn fún ẹni tó bá kú síbi tó jìnnà, tí òkú rẹ̀ kò ṣe é gbé. Wọn á gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá sílé, wọn á sì sin ín bí ẹni sin ènìyàn. Lọ́wọ́ wọn, ẹni tí a ṣe èyí fún ti dé ilé; ẹni tí a kò ṣe é fún ṣì wà lójú ọ̀nà. N kò gé nǹkan kan. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Mo gbójú sókè, mo rí ojú bàbá náà, mo sì wí pé:

“Ó wà nílé, Bàbá. Mo dì í pamọ́.”

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè purọ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

“O ṣe bí ọmọ nídìí ìyẹn,” ni ó wí. “Mú un wá lọ́túnla.”

Ìgbà yẹn ni ìyá ìyàwó mi dé láti ìsun, ìkòkò omi lórí rẹ̀. Ó rí mi nílẹ̀, ó rí bàbá tó dúró lé mi lórí. Kò sọ ìkòkò náà kalẹ̀.

“Ọmọ kékeré ńkọ́?” ni ó bi mí.

“Ara rẹ̀ le, Màmá.”

Ó wọlé. Bàbá náà káwọ́ lérí, ó ń retí igbe. Èmi náà ń retí rẹ̀. A kò gbọ́ igbe kankan. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ tí ó ń da omi sínú àmù.

Nígbà tí mo padà dé ilé, àwọn ìyá ìjọ ti tún yàrá ṣe. Wọ́n ti sun ẹní rẹ̀ àti ìrọ̀rí rẹ̀, wọ́n ti se àwọn aṣọ rẹ̀ nínú omi gbígbóná, wọ́n sá wọn sórí okùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri kan dé èkejì. Ìyá kan tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ló mú mi lọ́wọ́ wọlé.

“Tíṣà, ẹ wá wò ó. Kò sí eruku kan. Òòyà rẹ̀ gan-an, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Bí ẹni pé ọjà la ṣẹ̀ṣẹ̀ ti rà á.”

“Ẹ ṣeun, Màmá.”

“Ibà kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré, ọmọ sì wà nílé. Gèlè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sè é.”

Mo tún dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé òòyà náà lọ sójú fèrèsé. Mo yí gèlè kọ̀ọ̀kan padà, mo fọwọ́ tẹ̀ lé etí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irun kan ṣoṣo ni mo ń wá. Fún ọdún márùn-ún, irun rẹ̀ a máa wà lára ẹ̀wù mi. Nígbà mìíràn á wà nínú ọbẹ̀, èmi á sì ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò ní í jẹun mọ́, òun á máa bẹ̀ mí. N kò rí ẹyọ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí ilẹ̀ òkú. Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ro koríko.

“Tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé ó ti ń rì ni? Ṣé kí n bu erùpẹ̀ kún un?”

“Rárá. Mo kàn yà ni.”

Mo ń wo ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo dúró títí ojú fi tì mí fún ohun tí mo ń rò, mo sì padà sílé.

Orí tèmi, mo ti fá a lọ́jọ́ ìsìnkú, nítorí bẹ́ẹ̀ là ń ṣe nílé wa. Láàárọ̀ Sátidé, mo pe ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, mo sì mú àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé páálí ní iléèwé.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fá tèmi náà?”

“Rárá. Díẹ̀ ni.”

“Ṣé ìyá mi ló ní kẹ́ ẹ gé e?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nílé tí wọ́n ti bí mi, wọn kì í fi irun ṣeré. Wọ́n ní bí a bá bo irun alààyè mọ́lẹ̀ lórúkọ òkú, òkú á máa pe ẹni tó ni ín. Mo ti dúró níwájú kíláàsì rí, mo sọ fún àwọn ọmọ pé àìmọ̀kan ni. Mo gé e ní ìpàkọ́, níbi tí kò ti ní hàn. Èékánná ọmọ náà kéré jù, nítorí náà mo gé tèmi. Mo fa ojú ìwé kan ya láti inú ìwé tí mo fi ń kọ iṣẹ́ iléèwé sílẹ̀, mo dì wọ́n sínú rẹ̀, mo sì lọ wọ lọ́rì.

Ọ̀nà náà kò nira lọ́jọ́ yẹn bákan náà. Ọyẹ́ ti lọ, ojú ọ̀run mọ́, láti àárín òkè mo ń rí àwọn òrùlé páànù Ìyìn tí wọ́n ń dán.

Wọ́n ti gbẹ́ ihò kékeré sí igun yàrá bàbá ìyàwó mi, wọ́n sì ti ya aṣọ funfun sílẹ̀. Ìyá kì í dúró níbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, kì í sì í rí ojú oórì rẹ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n bí mo ti na tákàdá náà sí bàbá, ìyá náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ́wọ́ díẹ̀.”

“Ìyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀,” ni bàbá wí.

“Mo mọ̀. N kò ní í dé ìdí ihò. Ọwọ́ ni mo fẹ́ fi gbé e.”

Bàbá wò mí, ó wo ilẹ̀, ó gbé e fún un. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. A dúró. Nígbà tó jáde, ó ti fi òwú dúdú di tákàdá náà yí ká, ó gbé e lé bàbá lọ́wọ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ó sì padà wọlé.

Bàbá fi aṣọ funfun wé e. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tìrora-tìrora, ó ń bá a sọ̀rọ̀: ó ní kó má bínú pé ọ̀nà jìn, ó ní ulé rèé, bàbá rẹ̀ rèé, kó sùn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní iyán, ó sì jókòó tì mí.

“Jẹun, Tíṣà. Mo bú ọ níjẹta. Gbàgbé ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí lórí òkè yìí gan-an kì bá tí rántí ṣe é.”

Mo jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Ìyá ìyàwó mi ló sìn mí sọ́nà. A jọ rìn dé ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀. Níbẹ̀ ló dúró, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi.

“Gbà.”

Irun náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú èékánná mi.

“Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ mi ti ń ru omi láti ìsun yẹn,” ni ó wí. “Irun àárín orí rẹ̀ le bí okùn. Èyí kò tíì ru igbá rí.”

“Màmá, ẹ jọ̀wọ́.”

“Má bẹ̀ mí. Èyí tó kù fún mi lo fẹ́ lọ bò mọ́lẹ̀.”

Mo gbà á. Mo kó o sínú àpò ẹ̀wù mi, mo sì bi í léèrè.

“Kí ló wá wà nínú ihò?”

“Tákàdá rẹ.”

“Bàbá ńkọ́?”

“Bàbá ti sin ọmọ àbúrò rẹ̀. Láti ìjẹta kò sùn. Fi í sílẹ̀ kó sùn.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?”

Ó kọjú sí ọ̀nà Adó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í rí Adó láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpáta, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì jókòó.

“Ilẹ̀ ibi tó o gbé e sí, ṣé ó jìn? Níbí, òkúta ni. A kì í lè gbẹ́ ẹ jìn.”

“Ó jìn, Màmá. Ó dé àyà ẹni tó gbẹ́ ẹ.”

“O wà níbẹ̀ nígbà tó ń gbẹ́ ẹ?”

“Mo wà níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni. Kò sí òkúta nínú rẹ̀.”

“Aṣọ wo ló wà lára rẹ̀?”

Mo sọ fún un. Ó bi mí ta ló wẹ̀ ẹ́, ta ló gbé ibi orí, ta ló gbé ibi ẹsẹ̀, ibo ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí, ṣé wọ́n rọra da erùpẹ̀ sí i àbí wọ́n ń jù ú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. N kò fi nǹkan kan kún un. Oòrùn ti mú, àpáta náà ń gbóná lábẹ́ wa. Nígbà tí mo parí, ó di ojú, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀, kí n má yára.

Mo tún bẹ̀rẹ̀, láti ibi tí ọkọ́ ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀.