Ọwọ́ Màmá Mi Kọ́

Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ń wa mọ́tò. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á gbé ọ̀rẹ́ wọn kan tí orúnkún ń dà láàmú láti Ìsàlẹ̀ Òsì lọ sí àsàlátù. Bí mọ́tò yẹn ò bá jáde, ilé ni ìyá náà ń wà. Kò sì sẹ́ni tó ń wa mọ́tò màmá mi tí wọ́n bá wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ wọn lèmi máa ń jókòó sí, bí mo ṣe dàgbà tó.

Èmi ni mo ra táyà tuntun mẹ́rin fún wọn. Bí vọ́kanáísà tó bá wa de táyà náà ní Bẹẹrẹ ṣe ń nu ọwọ́, ó ní, “Àǹtí, ẹ lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì o, kí wọ́n bá yín to ẹsẹ̀ mọ́tò yìí kó dọ́gba.”

Mo ní, “Táyà la rà, a ò ra ẹsẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ yìí, iṣẹ́ kì í tán lẹ́nu yín.”

Màmá mi ní ká gbọ́ tiẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ. Bí mo ṣe rí nìyẹn: kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, mo ti fèsì.

Lẹ́yìn oṣù méjì, màmá mi fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ha etí gọ́tà nísàlẹ̀ Màpó. Wọ́n ní, “Mọ́tò yìí ń fà mí sọ́tùn-ún.” Mi ò wo mọ́tò, ọwọ́ wọn ni mò ń wò. Ó máa ń gbọ̀n díẹ̀ tí wọ́n bá gbé ife tíì.

“Ẹ ti dàgbà, màmá. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn.”

Mo rò pé wọ́n á bá mi jà. Wọn ò jà. Wọ́n fi etí ìró nu kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n sì fún mi.

Ọjọ́ Àìkú méjì kọjá, màmá mi àti ọ̀rẹ́ wọn ò lọ sí àsàlátù. Ìkẹta, mo ní màá gbé wọn lọ. Èmi nìkan kọ́kọ́ wa mọ́tò náà jáde lọ ra epo. Kí n tó dé Ọ̀rányàn, ó ti fà mí sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo táyà iwájú. Etí inú ti jẹ dán. Létí òde rẹ̀, irun wẹ́wẹ́ ara táyà tuntun ṣì wà níbẹ̀. Aláínmẹ́ǹtì tí mi ò jẹ́ ká lọ ṣe ló fà á. Ojú gbà mí tì. Mo sunkún létí títì.

Mo padà sílé, mo kúnlẹ̀. “Màmá, mọ́tò ni. Ọwọ́ yín kọ́.”

Wọ́n wo ọwọ́ wọn títí. Wọ́n ní, “Èmi náà ti ń gbà pé ọwọ́ mi ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì. Nígbà tí oníṣẹ́ náà parí, ó jókòó sẹ́yìn, ó ní kí màmá mi wà á lójú títì tó tẹ́jú. “Màmá, ẹ fọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀.” Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kúrò lára sítíárìn. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, mọ́tò ń lọ tààrà. Oníṣẹ́ ní ó ti tó. Wọn ò tíì gbé ọwọ́ padà sórí sítíárìn. Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mi ò wo ọwọ́ wọn mọ́, ojú títì ni mò ń wò.