Bí Ọkọ̀ Bàbá Wa Ṣe Dákẹ́

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Àpòmù ni ìyá mi ti máa ń din dòdò Ìkirè. Láti ibẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí títì, ṣùgbọ́n kò nílò àtirí i. Bí ọkọ̀ bàbá mi bá ti yà wọ àdúgbò, ìró rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé. Ó máa ń gbọ̀n, ó máa ń dún gìrìgìrì bí ìkòkò tí omi ń hó nínú rẹ̀ tí ọmọrí rẹ̀ kò sì jókòó dáadáa. Màmá á fi ṣíbí sílẹ̀, á bu omi sí kọ́ọ̀pù, á jáde lọ pàdé rẹ̀. Bàbá mi kì í fun fèrè nílé. Ó ní ewúrẹ́ àti ọlọ́kadà ni wọ́n ṣe fèrè fún, èèyàn kì í fi pe ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń wa ọkọ̀ náà. Màmá ṣì ń bu omi. Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ó dé ẹnu ọ̀nà tòun ti kọ́ọ̀pù lọ́wọ́, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ló na omi náà sí i. Mo rò pé láti ìgbà tó bá gbọ́ ìró yẹn títí tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà, bàbá mi ṣì wà láàyè. Mi ò mọ̀ bóyá bó ṣe rí lára rẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe rí lára mi nìyẹn, torí èmi náà máa ń gbé orí sókè tí mo bá gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn eré. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi ọkọ̀ díje ní pápá kan lọ́nà Ìbàdàn, ó sì ti ń tún ẹ́ńjìnnì bàbá wa ṣe díẹ̀díẹ̀ kó lè sáré sí i. Èmi ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Mo ti sin ìlú tán, mo ń wáṣẹ́, mo sì ráyè dáadáa láti máa bẹ̀rù. Ìró yẹn gan-an ni mo ń bẹ̀rù. Irin gbọọrọ kan wà tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, kíráńkì ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ìgbà tí epo bá gbiná ló ń lọ́ ọ díẹ̀, tó sì ń gbọ̀n. Púlì, kẹ̀kẹ́ irin kékeré tó wà lórí rẹ̀, ní rọ́bà láàárín irin méjì, rọ́bà yẹn ló sì ń gba gbígbọ̀n náà mọ́ra. Tiwa ti já láyé bàbá mi. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, wọ́n gbé e lọ fún jórinjórin, ó jó irin méjèèjì pọ̀, ọkọ̀ sì ń lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń gbọ̀n. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní ohùn ọkọ̀ bàbá wa, àìsàn ni.

Ọkọ̀ tó ń rọra lọ sí Orílẹ̀-Òwu lè fara dà á. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní pápá, kíráńkì rẹ̀ lè kán lórí eré, kó sì pa ẹni tó ń wà á.

“Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi púlì yẹn sáré mọ́.”

“O tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ojo ni wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì ni?”

“Tó bá kán ńkọ́?”

Ó ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú mi, ó lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. “Kí la máa wá ṣe sí i?”

A wá púlì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ eré. Kò ní rọ́bà. Òróró tó ki ju oyin lọ ni wọ́n dé mọ́ inú rẹ̀, òrùka irin wíwúwo kan sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òróró náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbọ̀n, ibẹ̀ ni gbígbọ̀n náà máa kú sí. Nígbà tó dé láti Èkó, a gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa ní Ìkirè, àgbà ìjọ aláṣọ funfun kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Àǹtí Ìnjiníà! Ṣé ẹ máa dì í fúnra yín ni, àbí ẹ máa jẹ́ ká jẹun?”

“Ẹ̀yin lẹ máa dì í, sà. Èmi á máa wò yín.”

“Ìyàwó mi gan-an kì í wò mí tó bẹ́ẹ̀.”

Ó tú bẹ́ẹ̀tì, ó fa púlì àtijọ́ jáde, ó fi tuntun sí i. Ẹ̀gbọ́n mi yí kọ́kọ́rọ́. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mi ò gbọ́ gìrìgìrì kankan mọ́.

“Ṣé ó ti tàn?” ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

“Ó ti tàn,” mẹkáníìkì dáhùn. “Àbí ẹ fẹ́ kó kí yín ni?”

Omijé bọ́ lójú mi. Ìfọkànbalẹ̀ ni, mo mọ̀ pé ìfọkànbalẹ̀ ni, torí láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń rí òkú ẹ̀gbọ́n mi nínú ọkàn mi. Mi ò rántí rárá pé Màmá ń retí ìró yẹn nílé.

Nígbà tí a dé Àpòmù, kò sẹ́ni tó jáde. Ẹ̀yìnkùlé la ti bá Màmá, ó ń yí dòdò padà. Ó ta gìrì.

“Ibo lẹ gbà wọlé? Ọkọ̀ dà?”

“Ó wà níta, Màámi.”

Ó bá wa jáde. “Ẹ tan án kí n gbọ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi tan án. Màmá dúró, ó ń retí.

“Ó ti tàn, Màámi.”

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe gbé e. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe. Kíá ni mo ní púlì àtijọ́ ṣì wà nínú búùtù, pé wọ́n lè dá a padà.

“Tí wọ́n bá dá a padà, ṣé ó lè ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ ní nǹkan?”

Mo fẹ́ parọ́. Mi ò lè parọ́. “Ó lè ṣe wọ́n, Màámi.”

“Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Màá máa fun fèrè fún yín,” ẹ̀gbọ́n mi sọ.

“Ṣé èmi lewúrẹ́ ni?”

A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Nígbà tí a padà sẹ́yìnkùlé, dòdò ti jóná.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá gbé ààrò rẹ̀ wá sí iwájú ilé. Èéfín ń wọ pálọ̀, aṣọ wa ń rùn. Ó ní ọjà máa tà níbẹ̀, òótọ́ ni, ó ń tà. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n mi bá jáde, títì ni Màmá máa ń kọjú sí, kọ́ọ̀pù omi á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó máa ń wo gbogbo ọkọ̀ tó bá yà wọlé. Láti ibẹ̀, kí ọkọ̀ tó dúró ló ti máa ń rí ẹni tó ń wà á, pé kì í ṣe bàbá mi.