Ibi Tí A Ò Ti Ní Ojúlùmọ̀

Lọ́dún tí oògùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdílé wa ṣe ìpàdé lórí mi. Ti àkọ́kọ́ wáyé nílé ìwòsàn, nígbà tí dókítà sọ fún wọn pé tí mo bá tún gbé irú ìyẹn mì, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé mi wá mọ́. Ìkejì wáyé ní pálọ̀ ìyá mi ní Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, èmi náà sì wà níbẹ̀. Mo jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yan orílẹ̀-èdè fún mi, bí ìgbà tí wọ́n bá ń yan ìyàwó fún ọkùnrin tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Awakọ̀ ni mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kó sìmẹ́ńtì láti Obajana lọ sí Òkè Ọya. Tramadol ni èmi àti àwọn tí a jọ ń wakọ̀ ń lò kí oorun má baà gbé wa lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo fi máa mọ̀ pé ó ti di bárakú, mo ti ń gbé e mì lọ́jọ́ tí mi ò wakọ̀ rárá, kí n tó lè dìde lọ wẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tàn mí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Pé kí wọ́n tọ́jú mi ní Nàìjíríà ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò bàbá mi, tó di olórí ilé nígbà tí bàbá mi kú, ní àwọn oníbàárà tó ń rajà lọ́wọ́ wa ò gbọdọ̀ gbọ́, àwọn àna ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé fóònù dání, ó ń ka àwọn ilé ìtọ́jú tó rí.

“Gánà ńkọ́?”

“Kúmásí kún fún ará Ìlọrin tó mọ̀ wá. Kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀, ìròyìn á ti dé ilé,” ni àbúrò bàbá mi fèsì.

Orílẹ̀-èdè Benin? Àbúrò ìyá mi wà ní Parakou. Íńdíà? Àwọn aláṣọ ọjà wa ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Gúúsù Áfíríkà? Ọmọ àna wa kan ń gbé níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

“Kẹ́ńyà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Gbogbo wọn ń wá ojúlùmọ̀ kan tó wà níbẹ̀ lọ́kàn wọn, wọn ò rí. “Ibẹ̀ ló máa lọ,” ni àbúrò bàbá mi wí. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sọ irú ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Wọn ò bi èmi náà. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀? Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, ká sọ pé mo lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Ìyá mi ò la ẹnu títí ìpàdé fi parí.

Ẹ̀yìn ìlú Nairobi ni ilé ìtọ́jú náà wà, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ara mi ń gbọ̀n, mò ń bì, mo sì ń bú àwọn ará ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ara rọ̀ mí díẹ̀. A ń roko nínú ọgbà, a ń jókòó yíká, a ń sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń sọ tèmi, ó sì ń dà bíi pé ẹlòmíràn ni mò ń ròyìn.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, wọ́n ní mo lálejò. Obìnrin kan tí mi ò rí rí ló dúró ní géètì pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Ọmọ Ebira ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Nairobi.

“Na your mama say make I come look you,” ó wí. “You don chop?”

Nílé wa, a kì í rán ọmọ lọ sílùú tí kò sẹ́ni tó máa pàdé rẹ̀. Àwọn bàbá wa tó ń tajà káàkiri, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ sí. Ìyá mi fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ló bá lọ bi ẹlẹ́ja tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni ní Kẹ́ńyà. Ẹlẹ́ja bi aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò bi ẹlòmíràn. Kí wọ́n tó rí obìnrin yìí, ìdajì Lọ́kọ́ja ti mọ ibi tí mo wà àti ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wá ẹni tó máa lọ wo aláìsàn láì sọ ohun tó ń ṣe é?

Mo jẹ oúnjẹ náà, mo sì sunkún níwájú obìnrin tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní tirẹ̀ bá ìyá mi yodì fún oṣù kan gbáko.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo padà délé. Àwọn kan ń kí mi bí ẹni tó tẹ̀wọ̀n dé. Ojú tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ní oṣù kejì tí mo dé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ohunkóhun ò ṣe mí, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àdúgbò Natako, lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì tó ń ta Tramadol fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni, a jọ gbá bọ́ọ̀lù nígbà kan. Mo sọ ohun tí mo fẹ́. Kò dìde.

“Mi ò lè tà á fún ẹ.”

Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa Kẹ́ńyà. Ó ní ta ni ò gbọ́, pé kì í ṣe torí ìyẹn. Ó ní ìyá mi ti wá, pé láti Natako dé Ganaja lódìkejì ìlú, kò sí kẹ́mísì tí màmá ò dé.

“Màmá kúnlẹ̀ fún mi,” ó wí. “Níbí yìí. Mo ní kí wọ́n dìde, wọ́n kọ̀, àfìgbà tí mo búra.”

Mo wo ilẹ̀ ibi tó nawọ́ sí, mo sì jáde. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ìyá mi ti ń kírun lórí àga, torí orúnkún rẹ̀ ò ṣeé fi kúnlẹ̀ mọ́.